Fáàfù Mẹ́ta Lẹ́yìn Amòòkùn: Ohun Tó Yẹ Ní Ṣíṣe Bí Afẹ́fẹ́ Bá Ń Jò Lábẹ́ Òkun

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ ẹni tó bá wọ abẹ́ òkun Badagry lọ ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ojú lò. Omi ibẹ̀ kì í mọ́ gaara bí èyí tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló máa ń dàpọ̀ mọ́ ọn, pàápàá lásìkò òjò, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì Òkun Àtìláńtíìkì kì í sinmi létí bèbè náà. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni amòòkùn, ìyẹn ẹni tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí yóò máa mí, fi ń ṣọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀. Bó bá gbọ́ lójijì pé nǹkan ń hó yàà lẹ́yìn orí òun, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe láàrin ìṣẹ́jú kan sí i ló máa ń sọ bóyá yóò padà sókè láàyè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lọ gbafẹ́ sí Badagry, tí wọ́n ń dúró ní erékùṣù Gberefu níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ láyé àtijọ́, ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá wà lábẹ́ òkun tí wọ́n ń wò yẹn. Láti agbègbè Badagry ni ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bọ́ sínú òkun. Ìtókí ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọ̀pá náà ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Badagry wọ inú omi, ó sì gba iwájú orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò kọjá lọ sí Takoradi ní orílẹ̀-èdè Gánà. Gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ 678 kìlómítà, 569 nínú rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ òkun, ní ibi tó jìn tó 30 mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ọ̀pá yìí bàjẹ́ nísàlẹ̀ omi nítòsí Lomé, lẹ́yìn tí àwọn olè ojú omi kọlu ọkọ̀ kan, tí ìdákọ̀ró ọkọ̀ náà sì fa ọ̀pá ọ̀hún ya. Ọdún 2013 ni gáàsì tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ kọjá. Àyẹ̀wò ọ̀pá abẹ́ òkun, wíwá ọkọ̀ tó rì, àti wíwá òkú ẹni tí omi gbé lọ wà lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ pe amòòkùn.

Oríṣi amòòkùn méjì ló wà. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ epo àti gáàsì sábà máa ń gba afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó wà lókè, nípasẹ̀ rọ́bà gígùn kan tó so mọ́ akoto orí rẹ̀, tí yóò sì tún gbé sìlíńdà kékeré kan pọ̀n nítorí ọjọ́ tí rọ́bà náà bá já. Oríṣi kejì kò so mọ́ ọkọ̀ kankan. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó máa lò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ibi tó ń lọ bá jìn, tàbí tó jẹ́ inú ọkọ̀ tó rì, sìlíńdà méjì tí wọ́n so pọ̀ ló máa ń gbé. Lórí irú sìlíńdà méjì bẹ́ẹ̀, àti fáàfù mẹ́ta tó wà lórí wọn, ni àlàyé yìí dá lé.

ÌDÍ TÍ KÒ FI ṢEÉ SÁ LỌ SÓKÈ

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè béèrè pé, bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, kí ló dé tí amòòkùn kò kàn ní sáré lọ sókè? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí omi ṣe wúwo tó. Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ayé ń fi agbára tó tó bar 1 tẹ ara ènìyàn. Ní gbogbo 10 mítà tí ènìyàn bá wọ̀ sínú òkun, bar 1 mìíràn ló ń kún un. Ní 30 mítà, ó ti di bar 4. Agbára yìí ló ń ti gáàsì náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí amòòkùn ń mí wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Bó bá rọra padà sókè, náítírójìn náà yóò gba ẹ̀dọ̀fóró jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá sáré jáde, yóò hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe ń hó nígbà tí wọ́n bá ṣàdédé ṣí ìdérí ìgò rẹ̀. Ó lè sọ ènìyàn di arọ, ó sì lè pa á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀gbẹ́ni Harrison Okene fi èyí hàn kedere. Alásè ni nínú ọkọ̀ ojú omi Jascon-4, tó dojú dé ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, ní iwájú Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta. Ènìyàn 12 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ọ̀hún rì dé ìsàlẹ̀ òkun, ní nǹkan bí 30 mítà, Okene sì wà láàyè nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá kan fún nǹkan bí 60 wákàtí. Òkú ni àwọn amòòkùn wá gbé, ọwọ́ alààyè ló sì di wọ́n mú. Síbẹ̀, wọn kò lè fà á lọ sókè tààrà. Akoto amòòkùn ni wọ́n kọ́kọ́ dé e lórí, wọ́n mú un wọ inú agogo irin tí wọ́n fi ń gbé amòòkùn, wọ́n sì fi í sínú yàrá irin pàtàkì kan fún ohun tó lé ní ọjọ́ méjì kí ara rẹ̀ tó bá ti òkè mu. Òun nìkan ló yè nínú àwọn méjìlá náà.

Nítorí náà, òrùlé wà lórí amòòkùn bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bí ìṣòro bá ti dé bá a nísàlẹ̀, nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni ó ti gbọ́dọ̀ yanjú rẹ̀.

SÌLÍŃDÀ MÉJÌ, FÁÀFÙ MẸ́TA

Ẹni tó bá ń fi gáàsì dáná nílé ti mọ ìdajì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sìlíńdà wà, fáàfù wà lórí rẹ̀, régúlétọ̀ wà lórí fáàfù, rọ́bà sì wà tó ń gbé gáàsì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Ti amòòkùn kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé agbára tó wà nínú tirẹ̀ pọ̀ gan-an. Bí wọ́n bá rọ sìlíńdà rẹ̀ kún, ó sábà máa ń tó bar 200, régúlétọ̀ ni yóò sì dín in kù títí yóò fi ṣeé mí.

Bí wọ́n bá so sìlíńdà méjì pọ̀ sẹ́yìn amòòkùn, irin kan ló máa ń gba òkè so ọrùn àwọn méjèèjì pọ̀, tí afẹ́fẹ́ ti ọ̀tún fi lè lọ sí ti òsì, tí ti òsì náà sì lè wá sí ti ọ̀tún. Fáàfù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní wà ní apá ọ̀tún. Òun ló ń bọ́ régúlétọ̀ tí amòòkùn ń mí nígbà gbogbo, èyí tí rọ́bà rẹ̀ sábà máa ń gùn tó nǹkan bí mítà 2 kó lè ṣeé nà sí ẹnìkejì bí afẹ́fẹ́ tiẹ̀ bá tán. Òun náà ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò tó ń gbé amòòkùn léfòó. Èkejì wà ní apá òsì. Òun ló ń bọ́ régúlétọ̀ kejì, èyí tí wọ́n máa ń fi okùn kọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, àti gééjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù. Ẹ̀kẹta ni fáàfù àárín, tó wà lórí irin ìsopọ̀ náà. Bó bá wà ní ṣíṣí, sìlíńdà méjèèjì di ọ̀kan. Bí wọ́n bá tì í, kálukú dá dúró.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ni pé títi fáàfù ọ̀tún kò sọ afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ọ̀tún nù. Régúlétọ̀ tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni ó pa. Níwọ̀n bí fáàfù àárín bá ṣì wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà méjèèjì ṣì ń gba apá òsì jáde sí ẹnu amòòkùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bó bá jẹ́ ti òsì ni wọ́n tì. Àǹfààní tó wà nínú sísọ wọ́n pọ̀ nìyí. Ewu rẹ̀ sì wà ní ibi kan náà: ihò kan ṣoṣo tí kò bá rí ẹni dí i lè tú sìlíńdà méjèèjì sófo.

Ihò náà lè wà níbi mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà tàbí régúlétọ̀ ló ya, èyí ló sì wọ́pọ̀ jù. Fáàfù ẹ̀gbẹ́ tó ń bọ́ ọ lè dá a dúró. Ó lè jẹ́ òrùka rọ́bà tó wà láàrin régúlétọ̀ àti fáàfù ló bàjẹ́. Fáàfù ẹ̀gbẹ́ ṣì lè dá ìyẹn náà dúró. Àmọ́ bó bá jẹ́ òrùka rọ́bà ti ọrùn sìlíńdà, tàbí ti irin ìsopọ̀ fúnra rẹ̀, ló ya, kò sí fáàfù ẹ̀gbẹ́ tó lè dí i. Fáàfù àárín nìkan ló lè ya sìlíńdà tó ń jò kúrò lára èyí tí kò jò, kí ìdajì afẹ́fẹ́ tó kù lè dúró.

BÍ AFẸ́FẸ́ ṢE Ń YÁRA TÁN

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò díẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ti lítà 12, tí wọ́n sì rọ ọ́ dé bar 200, afẹ́fẹ́ inú méjèèjì jẹ́ lítà 4,800. Bí ẹnì kan bá ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀, lítà 80 ni yóò máa mí ní 30 mítà, nítorí bar 4 tí a ti mẹ́nu bà. Ká ní gééjì ti dé bar 120 nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Lítà 2,880 ló kù nínú méjèèjì. Bí amòòkùn bá ti fáàfù tó tọ́ kíákíá, tó sì jẹ́ ìdajì rẹ̀ nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, lítà 1,440 nìyẹn, ó sì tó fún ìṣẹ́jú 18 ní 30 mítà. Àmọ́ ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn mí bó ṣe yẹ. Bí èémí rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìṣẹ́jú 9 péré ló kù. Nínú ìṣẹ́jú wọ̀nyí ló sì gbọ́dọ̀ ti rí ẹnìkejì rẹ̀, kó jáde kúrò nínú ohunkóhun tó bá wà, kó sì rọra máa gòkè.

Bí kò bá wá ti fáàfù kankan ńkọ́? Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí ẹnu tàbí sí àpò ìléfòó lè tú sìlíńdà sófo láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ bó bá bẹ́. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé rọ́bà gééjì, tí agbára inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, kì í tú afẹ́fẹ́ nù kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ihò tó ń bọ́ ọ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ariwo rẹ̀ lè pọ̀, àmọ́ àyè wà láti ronú.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wọ inú ihò abẹ́ omi ṣe gbé òfin ìdá mẹ́ta kalẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n fi lọ, ìdá kan ni kí wọ́n fi bọ̀, ìdá kẹta sì ni ti ìjàǹbá, yálà tiwọn tàbí ti ẹnìkejì.

IBI TÍ ÌMỌ̀ NÁÀ TI WÁ

Ní ọdún 1943 ni Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ọmọ orílẹ̀-èdè Faransé, ṣe régúlétọ̀ tó ń fún ènìyàn ní afẹ́fẹ́ nígbà tó bá fẹ́ mí nìkan. Láti ìgbà yẹn ni mímòòkùn pẹ̀lú sìlíńdà ti tàn kálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ so sìlíńdà méjì pọ̀, régúlétọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí wọn. Bó bá ti bàjẹ́, gbogbo afẹ́fẹ́ inú méjèèjì di ohun tí ẹnu kò lè kàn mọ́. Àwọn tó ń wọ ihò abẹ́ omi ní Bahamas àti Florida ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn jù, nítorí òkúta ni òrùlé tiwọn. Láàrin ọdún 1970 sí 1979 ni irin ìsopọ̀ tó ń gba régúlétọ̀ méjì di mímọ̀ láàrin wọn, èyí tí wọ́n fi orúkọ George Benjamin, awáhò-omi ará Kánádà, pè. Lẹ́yìn náà ni fáàfù àárín wá dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ìlànà kan náà ló gba ẹ̀mí Chris Lemons là ní Òkun Àríwá ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá fún un láti òkè já. Ó yí fáàfù sìlíńdà kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí afẹ́fẹ́ tó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ mí, títí ó fi gun orí irin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lè rí i. Afẹ́fẹ́ náà tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmọ́ wọ́n bá a níbi tó ti yẹ kó wà, ó sì yè. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ ibi tí fáàfù náà wà nínú òkùnkùn, ìtàn rẹ̀ ì bá yàtọ̀.

BÍ JÍJÒ BÁ BẸ̀RẸ̀

Àwọn àjọ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, bíi TDI àti GUE, kò fẹnu kò délẹ̀délẹ̀ lórí fáàfù tó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ kàn. Àwọn kan ní kí wọ́n ti ti àárín pa ná, kí ìdajì afẹ́fẹ́ lè wà ní ààbò, kí wọ́n tó wá ibi tó ń jò. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n ti ti ọ̀tún ṣáájú, nítorí rọ́bà tí wọ́n ń lò jù ló wà níbẹ̀, àti pé títì í kò ya sìlíńdà nípá. Èyíkéyìí tí ènìyàn bá kọ́ ni kó dì mú. Ẹni tó bá ń da méjèèjì pọ̀ ni kò ní rántí ọ̀kankan lọ́jọ́ ogun. Bí ìlànà kejì ṣe máa ń lọ nìyí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí amòòkùn dúró lójú kan, kó sì fi iná ọwọ́ ta ẹnìkejì rẹ̀ lólobó. Ẹni tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri kò lè fọwọ́ kan fáàfù dáadáa, ẹni tó bá sì ń dá nìkan jà kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹnìkejì lè fi ojú tàbí ọwọ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó jáde, kó sì sọ fún un.

Lẹ́yìn náà, kó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, kó yí fáàfù ọ̀tún sí ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń yí sí títí yóò fi dúró, kó sì mú régúlétọ̀ abẹ́ àgbọ̀n sẹ́nu. Kí ó tó jọ̀wọ́ ti tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti mí ti tuntun wò. Bí híhó náà bá dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: fáàfù ọ̀tún yóò wà ní títì, gbogbo afẹ́fẹ́ tó kù yóò máa gba òsì jáde, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì ti tán. Gígòkè ló kù. Kí ó má ṣe gbàgbé pé bọ́tìnnì àpò ìléfòó kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnu ni yóò máa fi fẹ́ ẹ bó bá nílò rẹ̀.

Bí híhó náà kò bá dáwọ́ dúró, kó ṣí ọ̀tún padà, kó mí régúlétọ̀ rẹ̀ wò, kó tó ti òsì. Bí ó bá jẹ́ òsì ló ń jò, híhó yóò dákẹ́. Gééjì kò ní sọ òótọ́ mọ́ láti ìgbà náà lọ, nítorí náà kó ti wo iye tó kù kí ó tó tì í, kó sì máa fi aago ọwọ́ ṣírò.

Bí kò bá ṣì dákẹ́, a jẹ́ pé ọrùn sìlíńdà tàbí irin ìsopọ̀ ló ní àrùn. Kó ṣí òsì padà, kó sì ti fáàfù àárín. Láti ìgbà yẹn lọ, sìlíńdà kan ń jò, ìkejì wà ní ààbò. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbà pé inú èyí tó ń jò ni kó ti máa mí níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá ṣì wà nínú rẹ̀, kó tó bọ́ sórí èkejì, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ṣòfò náà sàn kó wọ inú ènìyàn ju kó lọ sínú òkun lásán lọ.

Òfin kan ló borí gbogbo èyí: fáàfù ọ̀tún àti ti òsì kò gbọdọ̀ wà ní títì pọ̀ láé. Ẹni tó bá ti méjèèjì pa ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu ara rẹ̀.

ÀṢÌṢE TÓ Ń PA ÈNÌYÀN

Kì í ṣe gbogbo ìjàǹbá ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tó bẹ́. Àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Bí fáàfù àárín bá wà ní títì nígbà tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò kún, ìkejì yóò sì wà bó ṣe wà. Gééjì lè sọ pé méjèèjì kún, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó so mọ́ nìkan ló kún. Amòòkùn á wá mọ òótọ́ nígbà tí kò sí àyè àtúnṣe mọ́. Nítorí náà, kí ó tó wọ omi, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Òmíràn ni fáàfù tí wọ́n ṣí ní ìdajì. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n máa ń kọ́ni pé kí ènìyàn ṣí fáàfù tán, kó wá dá a padà díẹ̀. Ìmọ̀ràn tó gbilẹ̀ báyìí ni pé kó wà ní ṣíṣí tán tàbí ní títì tán. Ẹni tí ọ̀nà kò bá yé lè rò pé òun dá a padà díẹ̀, kó jẹ́ pé ńṣe ló tì í tán, tó kù ṣíṣí díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lè tó lórí ilẹ̀, kó má tó mọ́ ní 30 mítà.

Ẹ̀kẹta ni fáàfù òsì tó ń ti ara rẹ̀ pa. Bí amòòkùn bá ń lọ síwájú lábẹ́ ohun kan, bí àpẹẹrẹ abẹ́ ọkọ̀ tó rì, tí orí fáàfù sì ń ha mọ́ òrùlé, ti ọ̀tún a máa yí sí ọ̀nà ṣíṣí, ti òsì a sì máa yí sí ọ̀nà títì. Òun kò ní mọ̀, nítorí láti ọ̀tún ló ti ń mí. Ọjọ́ tó bá nílò régúlétọ̀ òsì ni yóò bá a ní òfìfo. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti fara kan ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó nawọ́ wo fáàfù òsì.

OHUN TÍ OMI BADAGRY Ń FẸ́

Ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí iṣẹ́ yìí ló jẹ́ ti omi tó mọ́, níbi tí ẹnìkejì ti lè dúró ní mítà mélòó kan kó sì rí ohun gbogbo. Ní etíkun Badagry, kò yẹ kí amòòkùn gbára lé èyí. Ẹnìkejì gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí ọwọ́ ti lè kàn án. Àmì ọwọ́ lè má hàn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò lórí àmì fífọwọ́kàn àti fífa okùn kí wọ́n tó kúrò nínú ọkọ̀.

Àwọ̀n tún wà níbẹ̀. Àwọn apẹja, tó fi mọ́ àwọn Ègùn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìran dé ìran, ń na àwọ̀n sínú omi agbègbè náà, àwọ̀n tó já sì lè wà nísàlẹ̀. Orí fáàfù mẹ́ta tó yọ síta lẹ́yìn orí ni ó rọrùn jù fún okùn àwọ̀n láti kọ́. Bó bá kọ́ ọ, amòòkùn kò ní lè yí fáàfù, kò sì ní lè lọ. Ọ̀bẹ tàbí ohun ìgéokùn tí ọwọ́ méjèèjì lè dé jẹ́ dandan.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan tún wà fún àwọn ọmọ etí omi tó ti mọ̀wẹ̀ dáadáa. Lórí ọ̀sà Èkó, àwọn akóyanrìn máa ń gba orí àkàbà wọ ìsàlẹ̀ omi pẹ̀lú garawa. Wọn kì í lo sìlíńdà. Ńṣe ni wọ́n máa ń di èémí wọn mú títí wọn yóò fi padà jáde. Ohun tó ń dá wọn sí nìyẹn, nítorí afẹ́fẹ́ òkè ni wọ́n mí wọlé. Àmọ́ ẹni tó bá mí afẹ́fẹ́ sìlíńdà nísàlẹ̀, tó sì di èémí mú nígbà tó ń gòkè, yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò máa fẹ̀ bí omi òkè rẹ̀ ṣe ń dín kù. Ní 10 mítà, afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró yóò di ìlọ́po méjì bó bá dé òkè. Ẹ̀dọ̀fóró lè ya. Ohun tó jẹ́ ọgbọ́n fún akóyanrìn jẹ́ ikú fún amòòkùn onísìlíńdà. Nítorí náà, jíjẹ́ òmùwẹ̀ kò sọ ènìyàn di amòòkùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ti inú ìwé tàbí ìwé ìròyìn nìkan kọ́ ọ.

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ìdánrawò rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé sìlíńdà òfìfo pọ̀n, yóò sì máa nawọ́ sí fáàfù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú dídì, títí ọwọ́ yóò fi mọ ọ̀nà títì àti ọ̀nà ṣíṣí. Àwọn kan kò lè dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò lágbára. Ó lè jẹ́ pé sìlíńdà wọn wà nísàlẹ̀ jù lẹ́yìn, tàbí pé aṣọ omi wọn há ní èjìká. Títún okùn rẹ̀ so lè tó láti yanjú ìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà omi tí kò jìn, kí wọ́n tó gbọ́ ohunkóhun nípa òkun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ṣì máa ń yí fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìmòòkùn wọn, bí awakọ̀ ṣe ń tẹ bíréèkì wò kó tó jáde lójú títì.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Jíjò afẹ́fẹ́ lábẹ́ omi jẹ́ ogun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀, fáàfù mẹ́ta tó lè dá a dúró sì wà lẹ́yìn amòòkùn láti ìgbà tó ti kúrò lórí ilẹ̀. Ohun tó kù ni kí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ wọn ṣáájú kí omi tó ṣókùnkùn.